Èédú Ngwo: Ihò tí Rélùwéè Gbẹ́, Ìlú tí Awakùsà Kọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ yín tì láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ihò èédú Enugu àti àwọn tó gbé ayé wọn yí i ká. Àwa tí a ka ìtàn Nàìjíríà níléèwé, bí wọ́n bá ti dárúkọ èédú Enugu, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Wọ́n kọ́ wa pé wọ́n kú fún òmìnira. N kò ní jiyàn pé ikú wọn ti òmìnira síwájú. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè lọ́jọ́ náà, owó tí wọ́n ti làágùn fún, àti pé ọ̀ràn owó iṣẹ́ yẹn tóbi tó láìjẹ́ pé a fi aṣọ òmìnira wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò lè yé wa bí a kò bá kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní ogójì ọdún, ká lọ wo bí ihò èédú ṣe dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba 9th Mile sọ̀kalẹ̀ lọ sí Enugu yóò mọ Milliken Hill, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó wé mọ́ ara òkè. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ngwo ń gbé kí òyìnbó tó dé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, adẹ́mu ni wọ́n, wọ́n sì ń ná ọjà káàkiri agbègbè Udi. Ìlú ńlá tí à ń pè ní Enugu lónìí kò tíì sí nísàlẹ̀ òkè náà nígbà yẹn. Oko àti igbó ló wà níbẹ̀. Enugu Ngwo tó wà lókè ni wọ́n ti mú orúkọ fún un.

Ní ọdún 1903, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri gúúsù Nàìjíríà kí wọ́n wá ohun àlùmọ́ọ́nì. Albert Kitson ló wá di olórí wọn nígbà tó yá. Ní 1909, wọ́n rí èédú nínú òkè Udi, lórí ilẹ̀ àwọn ará Ngwo. Kí ni ìjọba fẹ́ fi í ṣe? Rélùwéè ni. Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ń forí lé Òkè Ọya. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà, ooru omi híhó ló ń lé e, iná èédú ló sì ń mú omi náà hó. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òkun kó èédú ọ̀hún wá. Ẹ wo ìnáwó tó wà níbẹ̀: kí a máa ru èédú gba orí òkun kọjá kí ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀pà àti ekùrọ́ wa jáde lè rìn. Nígbà tí wọ́n wá rí èédú lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, inú wọn dùn.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba kò fi jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni fọwọ́ kàn án. Ní Jos, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wa tánganran. Ní Udi, ìjọba fúnra rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́, Rélùwéè tó jẹ́ ti ìjọba náà sì ni oníbàárà àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ń ta èédú náà ló ń rà á. Bí owó awakùsà bá gòkè, owó tí Rélùwéè ń ná náà á gòkè. Nítorí náà, nígbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ìjọba tó yẹ kó jókòó bí onílàjà, òun gan-an ni ọ̀gá tí wọ́n ń bá jà. Òun náà ló sì ni ọlọ́pàá.

Èédú kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn lè rù lórí dé etí òkun. Wọ́n wá èbúté kan tó súnmọ́ ọn, wọ́n rí ọ̀kan ní ẹ̀bá odò Bonny, wọ́n sì sọ ọ́ ní Port Harcourt ní 1913, ní orúkọ Lewis Harcourt tó jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n wá na irin láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè Udi, kìlómítà 243, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1916. Port Harcourt tí gbogbo wa mọ̀ sí ìlú epo rọ̀bì lónìí, èédú ló bí i.

Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Ní 1914, bí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ará agbègbè Udi dìde sí ìjọba, wọ́n sì kó sọ́jà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni ìjọba gba ilẹ̀ èédú náà nípasẹ̀ ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn olóyè àdúgbò fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n pè ní àdéhùn, ẹ̀yin náà ẹ lè wọ̀n ọ́n wò: sọ́jà ló ṣíwájú ìwé. Ọdún 1915 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú, wọ́n sì ṣí ti Iva Valley ní 1917. Ní 1917 kan náà ni ìjọba kéde Enugu ní ìlú. Ihò ló kọ́kọ́ wà kí ìlú tó wà.

Ọ̀rọ̀ wá kan òṣìṣẹ́. Ta ni yóò wọ inú òkè? Kò sí àgbẹ̀ tó ń jẹ iṣu oko rẹ̀ tí yóò dédé fi oòrùn sílẹ̀ lọ wọ òkùnkùn fún ṣílè díẹ̀. Ìjọba lo àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Wọ́n wá yíjú sí àwọn olóyè oníwèé-àṣẹ, ìyẹn àwọn tí ìjọba fi jẹ oyè láàárín àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọba tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Onyeama ará Eke. Ọkùnrin yìí lágbára, ó lówó, ó sì gbọ́n féfé. Òun ló ń pèsè ènìyàn fún ihò èédú. Bí ìjọba bá ní òun ń fẹ́ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, Onyeama á kó wọn wá, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀. Ó kú ní 1933. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú àwọn ihò èédú náà ní orúkọ rẹ̀, ihò Onyeama. Ọmọ rẹ̀, Charles Dadi Onyeama, sì di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague láti 1967. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bú bàbá yìí, àwọn kan sì ń yìn ín. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ ká rí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, awakùsà ní ọ̀gá méjì: òyìnbó tó ni iṣẹ́, àti èèyàn dúdú tó mú un wá síbi iṣẹ́ tó sì ń jẹ nínú owó rẹ̀. Nínú ihò lọ́hùn-ún pàápàá, àwọn olórí ọ̀wọ́ wà tó ń gba rìbá kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ibi tó dára láti wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìtàn tí a kọ nípa Enugu, ẹnu ọ̀nà ihò ni wọ́n máa ń dúró sí. Ihò Enugu kò rí bí èyí tí ẹ ń rí nínú fíìmù, tí wọ́n ń sọ ènìyàn kalẹ̀ bí ẹni sọ korobá sí kànga. Ara òkè ni wọ́n ti ń wọlé. Ìpele èédú na gbọọrọ láàárín òkúta, wọ́n á sì gbẹ́ ọ̀nà tọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọkọ̀ kékeré orí irin á máa fa èédú jáde gba ọ̀nà yẹn. Bí o bá ti wọlé, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà á tán lẹ́yìn rẹ, ó kù ìwọ àti àtùpà ọwọ́ rẹ. Omi ń kán láti òkè. Ibi tí ìpele náà bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ní ìlóṣòó lo ti máa ṣiṣẹ́.

Awaèédú ló ń fi díígà ya èédú lára ògiri. Wọ́n á fi ẹ̀tù fọ́ èyí tó bá le. Ẹlòmíràn á fi ṣọ́bìrì kó o sínú kẹ̀kẹ́ onírin, á tì í dé ibi tí wọ́n ti ń fà á jáde. Àwọn kan ń gé igi, wọ́n ń fi í ti àjà kó má baà wó. Bí wọ́n ṣe ń wa á nìyí: wọ́n á wà á ní yàrá yàrá, wọ́n á fi òpó èédú gbàgìdì sílẹ̀ láàárín yàrá kan sí èkejì kí àjà lè rí nǹkan gbé e dúró. Ìgbà tí wọ́n bá wa yàrá tán, wọ́n á wá padà síbi òpó wọ̀nyẹn, wọ́n á máa wa àwọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa padà sẹ́yìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àjà á sì máa wó sílẹ̀ níwájú wọn níbi tí wọ́n ti kúrò. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó wò. Iṣẹ́ kí ènìyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òpó ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun sá. Awakùsà tó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ á máa tẹ́tí sí igi. Bí igi bá ti ń ké, àjà fẹ́ já nìyẹn.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye kẹ̀kẹ́ tí awaèédú bá kún ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá tètè padà wá, tàbí tí omi bo ibi tí wọ́n yàn fún un, òfo ni. Bẹ́ẹ̀ ó ti rìn wá láti abúlé rẹ̀ ní òkè Ngwo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ọ̀gá òyìnbó tó ń bójú tó inú ihò, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ awakùsà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn á rò pé èédú tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́hùn-ún á jẹ́ kí wọ́n ṣojú àánú. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Bọ́ì" ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó ní oko, tó joyè láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìfọ́tí àti ìpá kò jìnnà. Èmi gbà pé nínú gbogbo ohun tó kó ìjà jọ ní Enugu, àfojúdi yìí tó ìdajì.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í kàn dúró kí ìyà máa jẹ wọ́n. Wọ́n gbé owó èédú náà, wọ́n sì fi tún ayé ara wọn ṣe. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin lè san owó orí ìyàwó láìdúró de bàbá rẹ̀. Ó kan páànù sórí ilé. Ó rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní Enugu, àwọn ará abúlé kan náà ń dá owó jọ láti fi la ọ̀nà tàbí kọ́ iléèwé sí ilé. Àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ wá tà fún àwọn tó ń gbé ní Coal Camp ní Ogbete, ibùdó òṣìṣẹ́ tí àwọn àjèjì láti Owerri, láti Onitsha àti ibòmíràn kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ará Ngwo ní tiwọn ń gbé nílé ara wọn, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń padà sókè sí oko. Ìyẹn fún wọn ní agbára kan tí àjèjì kò ní: bí wọ́n bá dasẹ́ sílẹ̀, iṣu wà nílé.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi rẹ́rìn-ín kíkorò. Ní 1949 gan-an, ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé fíìmù kan jáde nípa bí àwọn ará Udi ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí lábẹ́ ìtọ́sọ́nà ọ̀gá òyìnbó àgbègbè náà. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹta 1950. Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Udi ní Hollywood, oṣù mẹ́rin péré ni àwọn òkú Iva Valley tíì lò nínú ilẹ̀.

Ó yẹ ká dé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wàyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti gba kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Enugu, ẹni tó wá di akọ̀wé àwọn awakùsà ni Isaiah Okwudili Ojiyi, tó ti ṣe tíṣà rí. Ọ̀yájú ni, ọlọ́gbọ́n ni, ó sì lẹ́nu. Ọ̀gá òyìnbó kan nà án níbi iṣẹ́ ní 1945. Ojiyi kò dá a padà, ó pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá òyìnbó náà lẹ́bi. Ẹ fojú inú wo bí ìròyìn yẹn ṣe dé inú ihò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn awakùsà ti gbà pé ọkùnrin yìí mọ ọ̀nà.

Ó mọ ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Òfin kò fi tinútinú fàyè gba ìyanṣẹ́lódì. Ojiyi wá ní kí ẹnikẹ́ni má yanṣẹ́ lódì. Kí wọ́n lọ sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n mú díígà, ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra. "Welu nwayo" ni wọ́n ń pè é ní èdè Igbo. Ènìyàn wà nídìí iṣẹ́, èédú kò sì jáde. Ta lo fẹ́ mú? Kí lo fẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀? Wọ́n lò ó, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n rí àfikún owó gbà.

Ní oṣù kọkànlá 1949, wọ́n tún gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni owó ẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá máa ń mú kí àwọn awaèédú ṣiṣẹ́ ní ìyípo, òmíràn á ṣiṣẹ́ lónìí, òmíràn á jókòó sílé láìgbowó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí i, àwọn awaèédú ní kí wọ́n san owó ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó lọ́nà àìtọ́ wọ̀nyẹn. Ọ̀ràn lórí ìwé ìṣirò ni. Akọ̀wé owó tó dáńtọ́ ì bá yanjú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kọ̀, wọ́n sì lé àwọn awaèédú kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kù wá wọ inú ihò, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn kò jáde.

Ibi tí ìjọba ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Ọ̀ràn owó ni, wọ́n kà á sí ọ̀tẹ̀. Ìgbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Zikist, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Nnamdi Azikiwe tó ń jà fún òmìnira, ń sọ̀rọ̀ líle káàkiri, ẹ̀rù sì ń ba ìjọba. Wọ́n ro pé ẹ̀tù tí wọ́n kó sí ihò láti fi fọ́ èédú lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn yẹn. Wọ́n bá pinnu láti fi ọlọ́pàá kó gbogbo ẹ̀tù kúrò. Ẹ̀wẹ̀, àwọn awakùsà rí ọlọ́pàá tí wọ́n ń kó ẹ̀tù, ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ ti ihò pa, kí wọ́n lé gbogbo àwọn dànù. Ẹ̀rù ń ba tọ̀tún, ẹ̀rù ń ba tòsì, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn.

Ọjọ́ Jimọ̀ ni, ọjọ́ 18. Àwọn ọlọ́pàá dé Iva Valley lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain F. S. Philip. Àwọn awakùsà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Philip kò gbọ́ èdè wọn. Ó ní ijó ogun ni òun rí. Ó yọ ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ yìn ín, ó sì pàṣẹ kí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ìròyìn náà tàn bí ọyẹ́. Ní Aba, ní Onitsha, ní Port Harcourt, àwọn ènìyàn da ìgboro rú, ìjọba sì kéde òfin pàjáwìrì. Ní Èkó, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìwé ìròyìn àwọn Zikist àti ti Nigerian Youth Movement ń bú ara wọn tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Igbo sì ti ń rùn. Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Dókítà Akinọlá Májà sì ni alága rẹ̀. Àwọn lọ́yà wọn dìde láti gbèjà àwọn awakùsà níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí. H. O. Davies wà lára wọn. Ìgbà díẹ̀ ni ìṣọ̀kan náà fi wà, ó tú ká. Àwa Yorùbá tí a máa ń pa ìtàn yìí tì bí ẹni pé ti àwọn ará ìlà-oòrùn nìkan ni, ó yẹ ká mọ̀ pé àwọn bàbá wa wà nínú rẹ̀ gbọingbọin.

Sir William Fitzgerald ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ olùwádìí náà. Àwọn mẹ́ta tó bá a jókòó ni R. W. Williams láti Gẹ̀ẹ́sì, Quashie-Idun láti Gold Coast, àti Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, tó wá di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 1958. Ìròyìn wọn jáde ní 1950. Wọ́n ní Philip ṣe àṣìṣe nínú ìpinnu rẹ̀. Gbólóhùn rírọ̀ ni fún ẹ̀mí 21, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Wọ́n bá Ojiyi náà wí pé ó tan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù: ìgbìmọ̀ náà sọ pé ìjọba jẹ̀bi nítorí pé ó mú ìjà òṣìṣẹ́, ó sọ ọ́ di ọ̀ràn òṣèlú. Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ nìyẹn, ẹnu wọn ni mo bá a.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Lóṣù kejì 1950, ọ̀dọ́ Zikist kan gbìyànjú láti gún Hugh Foot, akọ̀wé àgbà ìjọba, ní ọ̀bẹ ní Èkó. Lóṣù kẹrin, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ Zikist. Àwọn olóṣèlú ń fi orúkọ Iva Valley sọ̀rọ̀ ní gbogbo pápá, ó sì fún wọn lágbára. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi awakùsà léèrè nípa owó ẹ̀yìn rẹ̀? Ìjọba gbà á lọ́nà àìtọ́, ó ka ọ̀ràn owó sí òṣèlú. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ láti ìhà kejì. A gbé òkú wọn sórí àsíá, a gbàgbé ìwé ìṣirò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a wò.

Láti 1950, ìjọba gbé ihò èédú fún àjọ tuntun, Nigerian Coal Corporation. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dára díẹ̀. Èédú Enugu ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọra ní Èkó ń lò. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o láti Port Harcourt wá sí Èkó, tó fi jẹ́ pé gílóòbù tó ń tàn ní Marina, àwọn ará Ngwo ló ń tì í lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Nkalagu ń lò ó, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Oji River ń lò ó. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó ju 900,000 tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wà lọ́dún kan. Kò tún dé bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ohun mẹ́ta ló pa á, wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956. Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísẹ̀lì, ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ihò kò fẹ́ èédú mọ́. Ogun abẹ́lé wá dé ní 1967. Enugu ni olú ìlú Biafra, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Àwọn awakùsà sá. Ihò èédú tí a kò fa omi inú rẹ̀ jáde lójoojúmọ́, omi á kún un. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbìyànjú, wọ́n fa omi, wọ́n ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ti lọ. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó ń jáde mọ́, àjọ náà sì kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tó pẹ́ jù lórí ìlà owó ìfẹ̀yìntì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ rí i pé a tún padà sórí owó ẹ̀yìn.

Ìlú kò kú pẹ̀lú ihò. Enugu di ibùjókòó ìjọba gúúsù láti 1929, wọ́n kó o kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀, ó sì ti rí ẹsẹ̀ mìíràn dúró sí. Coal Camp ṣì ń jẹ́ Coal Camp, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló kún ibẹ̀. Àwọn ọmọ awakùsà di lọ́yà, dókítà, olùkọ́.

Ohun tí ihò fi sílẹ̀ ló ṣì wà nílẹ̀ láìparí. Nínú òkúta tó wà láàárín èédú, ohun kan wà tó ń dán bí wúrà, irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ jẹ́ ẹ. Nígbà tó wà nínú òkè láìfarakan afẹ́fẹ́, kò ní wàhálà. Bí a bá ti wa ihò, tí afẹ́fẹ́ àti omi dé ibẹ̀, ó máa ń sọ omi náà di ásíìdì. Omi yẹn ń ṣàn jáde láti ẹnu àwọn ihò tó ti di àkọ̀sílẹ̀, ó ń wọ inú odò Ekulu, ó sì ń kun òkúta odò ní pupa bí ìpẹtà. Àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí lórí rẹ̀ léraléra, wọ́n sì mọ ìtọ́jú rẹ̀: kí a máa da omi náà gba orí òkúta ẹfun kọjá kó tó dé odò, kí a sì dí ẹnu ihò tí kò bá sí ìdí tó fi yẹ kó wà ní ṣíṣí. Kì í ṣe ìmọ̀ tó jìnnà. Ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ ni a kò tíì rí, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì lábẹ́ òfin, àwọn ará abúlé ló sì ń lo odò.

Bẹ́ẹ̀, èédú ṣì pọ̀ nínú òkè yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí iná mànàmáná bá ti burú, ẹnìkan á dìde, á ní ká padà sí èédú Enugu. N kò wá síbí láti sọ pé ká wà á tàbí ká má wà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ wà á, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò kọ orúkọ sí ìwé àdéhùn ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ní èdè wo, àti iye tí wọ́n máa san fún ẹni tó bá wọlé, kí òyìnbó tàbí ọmọ Nàìjíríà kankan tó fọwọ́ kan díígà. Mo rí i pé ẹnìkan ti na ọwọ́ sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè yín.